Níbi Tí Ẹ̀yìn Ti Kan Ilẹ̀

"Ó parí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ilẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò tíì parí o. Ìsinsìnyí gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti nà gbalaja láàárín kéèjì, àgò oníwáyà tí wọ́n ń jà nínú rẹ̀, tí ẹnìkejì rẹ̀ sì dúró lé e lórí. Ọmọ Ọ̀fà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ní Ọ̀fà, ìjàkadì kì í ṣe eré lásán, orò ìlú ni. Ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka òfin rẹ̀ fún òun: bí ẹ̀yìn bá ti kan yanrìn, onílù á yí ohùn padà, wọ́n á gbé ẹni tó dá ẹnìkejì rẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ bùṣe. Òfin yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi gbé wọ gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn, mo sì ti mọ̀ láti ilé pé ibẹ̀ ni nǹkan yóò ti rú wọn lójú. Ìdí gan-an tí mo fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi lọ nìyẹn.

MMA ni ìjà tí a lọ wò, ìjà tó pa ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì pọ̀ sójú kan. Kì í ṣe ti UFC tí gbogbo ayé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìjà abẹ́lé ni, irú èyí tí àwọn oníjà fúnra wọn ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ìyá wọn, fún ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, fún àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ ìjà. Ìdí nìyẹn tí gbọ̀ngàn fi máa ń pín sí agbo-ilé agbo-ilé. Bí ọmọ agbo-ilé kan bá ti jà tán, a ó rí àga bí ogójì tí yóò ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń dùn mí, torí àwọn tó mọ iṣẹ́ jù ni wọ́n máa ń fi sí ìparí.

York Hall ni ibẹ̀, ní Bethnal Green, ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1929 ni Dúúkù ìlú York àti ìyàwó rẹ̀ wá ṣí i. Dúúkù yìí ló padà di Ọba George Kẹfà. Ilé ìwẹ̀ ará àdúgbò ni wọ́n kọ́ ọ fún, odò ìwẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká. Kò sí akànṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò tóbi: nǹkan bí 1,200 èèyàn ló ń gbà. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá ba egungun ìhà, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á gbọ́ ọ.

Bàkónì ni mo máa ń jókòó sí, ní ìlà àkọ́kọ́. Àwọn tó lówó ń ra àga ìsàlẹ̀ tó súnmọ́ kéèjì, mi ò sì bá wọn jà, ṣùgbọ́n bí àwọn oníjà bá ti ṣubú, òpó àti wáyà ni wọ́n ń wò. Láti òkè, a ń wo inú kéèjì bí ẹni ń wo inú abọ́. A ń rí ibi tí ẹsẹ̀ wà, ibi tí orí wà, ohun tí ọwọ́ tó fara sin ń ṣe. Fún ẹni tó fẹ́ wo iṣẹ́, ibẹ̀ ni àga wà.

Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn tí kò tíì máa gbowó. Wọ́n so nǹkan rírọ̀ mọ́ ojúgun, ìbọ̀wọ́ wọn sì nípọn díẹ̀. Wọ́n ní ọkàn, wọn ò tíì ní sùúrù. Ní ìṣẹ́jú kan wọ́n ti ná gbogbo agbára tó yẹ kí wọ́n fi jà ní abala mẹ́ta. Lẹ́yìn wọn ni àwọn obìnrin méjì kan wọlé tí mo fẹ́ràn gidigidi, ọ̀kan nínú wọn ọlọ́wọ́ òsì. Kò ju ìpá kan ṣoṣo lọ tó ń ta, sí ẹran ẹ̀yìn ojúgun, ní ibi kan náà, nígbà kan náà: àkókò tí ẹnìkejì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ara lé ẹsẹ̀ iwájú. Ẹsẹ̀ tí ara wà lórí rẹ̀ kò lè sá. Ní abala kejì, obìnrin tí wọ́n ń gbá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, ọwọ́ rẹ̀ kò tún wúwo mọ́, torí láti ilẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ ti ń wá. Àwọn èèyàn ń dúró de ìgbájú àti ẹ̀jẹ̀. Ó ti borí kí wọ́n tó mọ̀.

Ìjà kan parí ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan ni. Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀.

Ìjà tí mo ń bọ̀ wá sọ ni ìkẹta láti ìparí. N kò ní í dárúkọ àwọn ọmọ náà, àwọ̀ igun wọn ni n ó fi pè wọ́n. Pupa ga, apá rẹ̀ gùn, àwọn ará ilé rẹ̀ kún apá òsì gbọ̀ngàn. Búlúù kúrú, àyà rẹ̀ fẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì ti wú, ó ti ká pọ̀ bí olú gbígbẹ. Ẹni tó bá rí irú etí bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé orí yẹn ti ha mọ́ abẹ́ apá àwọn èèyàn fún ọdún púpọ̀. Àwọn méjèèjì ti gun òṣùwọ̀n ní ọjọ́ tó ṣáájú: kìlógíráàmù 70.3 ni òdiwọ̀n ìpele wọn.

Kí wọ́n tó wọlé, ọkùnrin kan tó wọ dúdú dúró níbi àtẹ̀gùn kéèjì. Ó wo èékánná, ó kan ìbòrí abẹ́ kó lè dá a lójú pé ó wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n ya ẹnu kó rí ìbòrí eyín, ó fi ọwọ́ pa apá àti ẹ̀yìn wọn bóyá ẹnìkan ti fi òróró kùn ún kó lè máa yọ̀. Ojú nìkan ni Vaseline gbọ́dọ̀ wà. Ìbọ̀wọ́ wọn kò ju áónsì mẹ́rin lọ, ìka ṣí sílẹ̀ níwájú, torí ọwọ́ tó ń gbá ẹ̀ṣẹ́ náà ló tún gbọ́dọ̀ dì mú. Ìka yẹn ni kí ẹ fojú sí.

Abala mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ní àkọ́kọ́, Pupa ló ni ilé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń jáde bí ahọ́n ejò, kò sì jẹ́ kí ó pẹ́ níta. Búlúù ń wá ọ̀nà wọlé kò rí, ní ìparí abala ojú ọ̀tún rẹ̀ ti là lábẹ́ ìpéǹpéjú.

Ìṣẹ́jú kan ni ìsinmi. Ọkùnrin àgbàlagbà kan wọlé sí igun Búlúù, òwú gígùn mẹ́ta wà lẹ́yìn etí rẹ̀ bí gègé akọ̀wé, ìbọ̀wọ́ oníṣègùn lọ́wọ́. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó nu ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wo ibi tí ó ti ń ṣàn gan-an, ó ki òwú tí ó ti rì sínú oògùn adrenaline bọ ojú egbò, ó sì tẹ̀ ẹ́, kò gbo ó. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, kò yí ọwọ́ padà, nígbà tí olùkọ́ ń pariwo ọ̀rọ̀ sétí ọmọ náà. Oògùn yẹn ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, ṣùgbọ́n àkókò ló ń bá ṣiṣẹ́, ẹni tó bá ń yọ ọ́ wò kò ní í rí i kó dá. Ó fi ọwọ́ kejì gbé irin pẹlẹbẹ tó tutù bí yìnyín lé ibi tó wú. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ó fa òwú jáde, ó fi Vaseline dí ojú egbò náà bí ẹni fi amọ̀ dí ògiri, ó jáde. Ojú náà gbẹ. Olóòlà ń la ojú, ọkùnrin yìí ń pa á dé, mo sì gbà pé ọwọ́ méjèèjì ní láti mọ awọ èèyàn bákan náà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi pàtẹ́wọ́.

Abala kejì kò pé ìṣẹ́jú kan tí Pupa fi ọwọ́ ọ̀tún bá a ní àgbọ̀n. Búlúù ṣubú, ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ pé ó parí.

Ohun tí Búlúù ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e ni mo fi ń kọ èyí. Orí rẹ̀ kò tíì dúró, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ ju orí lọ. Kí Pupa tó fò lé e, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ti wà ní ìbàdí Pupa. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti gbá ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Pupa mú. Pupa ju ẹ̀ṣẹ́ bí ẹni ń gúnyán, gbọ̀ngàn ń hó, àwọn ará ilé rẹ̀ ti dìde dúró lórí àga. Ẹ̀ṣẹ́ náà kò wọlé. Kì í ṣe àánú, kì í ṣe oríire. Ẹ̀ṣẹ́ tó wúwo, ìbàdí ló ń yí kí èjìká tó jù ú. Ìbàdí tí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn bá tẹ̀ sójú kan kò lè yí. Apá lásán ni Pupa ń jù. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń darí ẹni tó wà lókè.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má wo ẹ̀ṣẹ́."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé ìgbọ̀nwọ́ lé irin bàkónì.

Inú bí Pupa, ó tẹ̀ síwájú kó lè lù dáadáa. Ohun tí Búlúù ń dúró dè nìyẹn. Ó yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún ní ìbàdí, ó fi kọ́ ẹ̀yìn kókósẹ̀ Pupa, ó fi ẹsẹ̀ òsì ti ìbàdí kejì, ó sì fa ọrùn ọwọ́ tó ti dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tí èèyàn ì bá fi gbé ara ró wà nínú ìgbèkùn, ẹsẹ̀ tí ì bá fi sẹ́yìn ti há. Tábìlì tí a bá yọ ẹsẹ̀ méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan kò ní ibi tó máa lọ ju ilẹ̀. Pupa jókòó pẹ̀ẹ́, Búlúù bá a dìde, ó sì wà lókè.

"Áà!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Láti Japan ló ti bá Mitsuyo Maeda dé Brazil ní 1914, ìdílé Gracie kọ́ ọ, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé. Ní November 12, 1993, ní ìlú Denver, nígbà tí UFC kọ́kọ́ wáyé, Royce Gracie tí kò sanra tó àwọn tó bá a díje borí ẹni mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan, orí ilẹ̀ ló sì ti borí wọn. Ayé ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá kò padà sí bó ṣe wà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Pupa náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó fi ẹ̀yìn wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ kéèjì, ó gbé ẹ̀yìn ti wáyà, ó tẹ ọwọ́ kan mọ́lẹ̀, ó gùn ún sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró. Ìgbà náà ni apá tí àwọn èèyàn kò fẹ́ràn bẹ̀rẹ̀. Ó ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí Búlúù fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà. Wọ́n ń pariwo pé kí rẹfirí yà wọ́n. Àwọn kan ń hu bùú. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn wa ní kí wọ́n lọ gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì. Rẹfirí pàápàá ń kígbe pé kí wọ́n ṣiṣẹ́.

Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ náà kéré lójú ni. Búlúù ti fi iwájú orí rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n Pupa, ó ń gbé e sókè. Ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ bá wà lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ, kò ní agbára láti ti èèyàn kúrò. Orí ló ń fi ṣe ọwọ́ kẹta. Apá òsì rẹ̀ ti wọ abẹ́ abíyá Pupa. Orúnkún rẹ̀ wà láàárín itan méjèèjì. Pupa ń wá bí apá tirẹ̀ náà yóò ṣe wọ abíyá. Ó bá ń fi ìka ṣe é, bí ẹni ń ki ọwọ́ bọ àpò tó há. Ó wọlé tán, Búlúù yí èjìká díẹ̀, ó jáde. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà mẹ́ta ni mo kà. Ní gbogbo àkókò náà, Pupa tó ga ló ń ru ìwọ̀n ẹlòmíràn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì rí i tí itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Kamaru Usman, ọmọ tí wọ́n bí ní Auchi, fi irú iṣẹ́ yìí kọ́ ilé. Ní 2010 ó gba ipò kìíní nínú ìjàkadì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní ìpele kejì wọn. Nígbà tó dé UFC, ọ̀pọ̀ òǹwòran ń ráhùn pé ìjà rẹ̀ kò dùn ún wò. Ní March 2, 2019, ó fi abala márùn-ún tẹ Tyron Woodley mọ́ wáyà àti mọ́lẹ̀, ó gba ìgbànú, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Áfíríkà tó gba ìgbànú UFC. Ní October ọdún náà, Israel Adesanya tí wọ́n bí ní Èkó gba tirẹ̀ ní Melbourne níwájú èèyàn tó lé ní 57,000. Ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá ni Adesanya fi jẹun, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ kíákíá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí èwo ló ṣòro láti kọ́, n ó ní ti Usman, n kò sì ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú abala kẹta, Búlúù ju ọwọ́ òsì sókè bí ẹni tó fẹ́ kan ojú. Kò fẹ́ kan ojú. Pupa gbé ọwọ́ méjèèjì láti dáàbò bo ara, Búlúù sì ti rì lábẹ́ wọn, orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà Pupa, apá rẹ̀ yí itan méjèèjì ká. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ìyẹn dáadáa. "Ó ti gbé e!" ni wọ́n ké, kí ẹsẹ̀ Pupa tó kúrò nílẹ̀.

Pupa ṣubú, ó yíjú sílẹ̀ kó lè dìde. Àṣìṣe tí gbogbo ara tó ti rẹ̀ máa ń ṣe nìyẹn: ó kọ ẹ̀yìn sí i. Búlúù ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú itan rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn bí ọmọ tí ìyá pọ̀n. Ọ̀rọ̀ wá ku ti ọwọ́. Pupa mọ ohun tó yẹ kó ṣe: ó pa àgbọ̀n mọ́ àyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ọwọ́ kan ṣoṣo tó ń bọ̀ wá fún un lọ́rùn. Ọwọ́ méjì sí ọ̀kan, kò burú. Búlúù kò fà á. Ó jẹ́ kó dì í mú. Ó fi ọwọ́ kejì ti apá kan Pupa sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá lórí apá náà, ó sì tì í mọ́bẹ̀. Pupa wá ku ọwọ́ kan láti fi bá ọwọ́ méjì jà.

Apá náà wọ abẹ́ àgbọ̀n. Ọwọ́ kan di apá òkè ara rẹ̀ mú, ọwọ́ kejì lọ sẹ́yìn orí Pupa. Kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ń fún bí èèyàn bá mọ̀ ọ́n ṣe, iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì tó ń lọ sí ọpọlọ ni. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ẹni náà á dákú. Rẹfirí ti kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ wà lójú Pupa, kò wo apá. Pupa lu apá Búlúù lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí rẹfirí tó fọwọ́ kàn án, Búlúù ti tú u sílẹ̀. Agbára tó ti kó jọ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ó jù ú sílẹ̀ ní kété tí ọwọ́ kàn án. Kò fò sókè. Ó mú ẹsẹ̀ Pupa kúrò lábẹ́ ara rẹ̀ kó lè mí dáadáa, ó gbé ọwọ́ lé e láyà, ó dúró títí Pupa fi jókòó.

Apá òsì gbọ̀ngàn dìde, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n lọ. Ìjà méjì ṣì kù. A jókòó wò ó tán.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ padà, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá ibùdókọ̀ mẹ́ta. Wọ́n wá ní, "Àbúrò, nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀yìn bá kan ilẹ̀." Wọ́n gbé ọwọ́ wọn méjèèjì sókè, wọ́n ń dì, wọ́n ń tú, wọ́n ń wá bí apá ṣe wọ abẹ́ abíyá.

Bí irú ìjà báyìí bá wáyé nítòsí yín, ẹ lọ. Ẹ ra àga òkè. Bí wọ́n bá ń hu bùú, ẹ má bá wọn hu ú: ẹ wo ìka, ẹ wo orí, ẹ wo ibi tí orúnkún wà. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má dìde lọ kí ìjà tó gbẹ̀yìn tó parí.